Ẹrù Tí Mo Kó Lọ sí Adágún Kómò

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tó dá òkè, tó dá omi, tó sì dá etí tí a fi ń gbọ́rọ̀. Ó jẹ́ kí n lọ ìrìn àjò ní àlàáfíà, Ó jẹ́ kí n bọ̀ ní àlàáfíà. Bí mo bá ní kí n máa ka oore Rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú, mi ò sì ní tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo ní Alhamdulilahi, mo sì mọ̀ pé Ó gbọ́, nítorí etí tiRẹ̀ kì í ṣe irú tèmi.

Ọ̀rọ̀ etí tèmi yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe múra láti lọ sinmi létí omi kan nílẹ̀ Ítálì, àti ohun tí mo kó sínú báàgì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, aránṣọ ni mí ní Ìgàndò. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú ní mọ́sálásí àdúgbò wa, nítorí ilé-kéwú ni èmi náà ti kọ́kọ́ mọ ìwé kí n tó mọ A B D. Ọkọ mi, Bàbá Rúkà, iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tó sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ fọwọ́ kàn án lọ́rùn, bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Rukayat, tí à ń pè ní Rúkà, ni àkọ́bí wa. Òun àti Múfù ọkọ rẹ̀ ń gbé nílùú kékeré kan tí kò jìnnà sí Mílánù. Rúkà ń tọ́jú àwọn arúgbó. Múfù ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí Bàbá Rúkà fi gbà á lána láìbi í ní ìbéèrè púpọ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ kò sì tíì dé. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń rí ládùúgbò. Kò sí ẹni tó máa kí mi tí kò ní fi àdúrà ọmọ kún un fún Rúkà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń ṣe é. Ẹni tó wá bá mi jà pé sòkòtò ọmọ òun kúrú, á kọ́kọ́ ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ẹni tó ń ṣe é jù ni Ìyá Àdínì wa, Alhaja tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí. Ìyá dáadáa ni, Allah mọ̀. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan.

Lọ́jọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè ni Rúkà pè mí lórí fídíò. Ìyá Àdínì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó ní kí gbogbo obìnrin nawọ́ sí i, kí a bẹ Allah kó ṣí inú ọmọ yìí. Gbogbo wa nawọ́ sí fóònù. Èmi náà nawọ́. Rúkà wò wá díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó sì lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Mò ń rí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí kan ihò kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà, Rúkà kì í pè mí ní Sọ́ńdè mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí èmi ń fẹ́ nígbà náà ni ọmọ-ọmọ tí màá gbé jó. Ohun tí Rúkà fúnra rẹ̀ ń fẹ́, mi ò bi í.

Nígbà òtútù ọ̀dọ̀ wọn, Múfù pè mí pé Rúkà dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà bá wa ṣàdúrà.”

Ẹ̀yin ìyá, mo bi yín. Tí ọkọ bá ní kí ẹ ṣáà bá àwọn ṣàdúrà, tí kò dárúkọ àìsàn kankan, kí ló tún kù? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo forí kanlẹ̀ fún Allah. Mi ò sì bi wọ́n léèrè mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. A kì í dárúkọ oyún lórí fóònù. A máa ń wò ó níran títí á fi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, orí Rúkà àti èjìká rẹ̀ nìkan ni mò ń rí lórí fídíò, ó sì máa ń wọ kóòtù ńlá kan. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ mi gbọ́n.

Nígbà tí òtútù wọn fẹ́ tán, Rúkà ní òun fẹ́ kí n wá kí àwọn, kí n wá sinmi. Bàbá Rúkà ní kí n máa lọ, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ilé. Múfù bá mi ṣe ètò físà láti ọ̀hún, èmi náà sì ṣe ti ìhín, ó sì gbà wá ní oṣù mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ajórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ẹ̀rọ aláriwo rẹ̀ lọ irin géètì ẹnì kan, Rúkà fi ohùn ránṣẹ́. Mo gbé fóònù mọ́ etí. Ohun tí mo gbọ́ nìyí:

“Mọ́mì mi, Alhamdulilahi, físà ti jáde. Ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan o. Sátidé àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, ìkómọ la máa ṣe. Mi ò pe ẹnikẹ́ni, àwa nìkan ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fojú sọ́nà fún un.”

Mo tún un gbọ́. Ajórin ń bá iṣẹ́ lọ. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkómọ. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi láti ìgbà ọsibítù yẹn, ó ṣe rẹ́gí. Àwọn dókítà ọ̀hún ṣáà máa ń fún èèyàn lọ́jọ́ tó máa bímọ. Wọ́n á ti mọ ọjọ́ tí ọmọ máa dé, wọ́n wá fi ìwé ìrìnnà mi sí i kí n lè bá wọn kó o jáde.

Mo pa iná áyọ́ọ̀nù, mo lọ bá Bàbá Rúkà nílé.

“Bàbá Rúkà, ọmọ ti dé.”

“Ọmọ wo?”

“Ti Rúkà. Wọ́n ń dúró dè mí ni kí wọ́n tó ṣe ìkómọ.”

Ó gbé ojú kúrò lára àga tó ń kàn. “Ó ní òun bímọ?”

“Ó ní ìkómọ la máa ṣe. Ṣé ewúrẹ́ lèèyàn ń kó jáde ni?”

“Ṣé o bi í?”

“Ẹ̀yin náà, ṣé irú ẹ̀ ni wọ́n ń bi èèyàn?”

“Ó dáa,” ló wí, ó sì padà sídìí àga rẹ̀.

Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí tí màá fi débẹ̀. Ìyá Àdínì nìkan ni mo sọ fún. Ìyá Àdínì náà búra pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Sọ́ńdè fi máa pé, gbogbo obìnrin mọ́sálásí ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Wọ́n wá ń mú nǹkan wá. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó wà fún. Ọ̀kan gbé òrí wá nínú ike, ó ní òtútù ọ̀hún máa ń jẹ ara. Ọ̀kan mú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, ó ní bóyá mo fẹ́ fi wẹ̀. Kànrìnkàn náà rọ̀ bí òwú; kò sí àgbàlagbà tó lè fi í wẹ̀ kí ìdọ̀tí kan kúrò lára rẹ̀. Ẹnì kan mú dàbínù tó ti Mẹ́kà bọ̀ wá. Ẹnì kan mú ìgò oyin. Ìyá Àdínì fúnra rẹ̀ mú ọ̀já aṣọ òkè kan wá, èyí tó fi pọn gbogbo ọmọ tirẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

“Kò já rí,” ló wí. “Kó lò ó kó dá a padà. Mo ní ìyàwó ọmọ tó ń dúró dè é.”

Èmi náà lọ wá ègé léèsì tó ṣẹ́ kù nígbà ìgbéyàwó Rúkà. Mo ti fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí, mi ò sì fẹ́ fi lẹ aṣọ oníbàárà kankan. Mo gé e, mo rán bùbá kékeré kan àti fìlà. Mo ti rán aṣọ fún ọmọ Ìgàndò tí mi ò lè kà. Èyí nìkan ni mo rán tí mo tú, tí mo tún un rán, nítorí pé ọrùn rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àgbò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé ìkómọ láìsí àkíkà, ẹran tí a máa ń pa fún ọmọ tuntun, ó kù díẹ̀ káàtó. Mo pe Múfù.

“Múfù ọmọ mi, nípa Sátidé yẹn. Àgbò ńkọ́?”

“Àgbò?” Ó rò ó díẹ̀. “Mọ́mì, ẹja ló pọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n máa ń sá a lóòrùn. Ó dùn o.”

Ẹja. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó pé àwọn ọmọ yìí ti pẹ́ nílùú òyìnbó, kí n má dá wọn lẹ́bi. Èmi àti Bàbá Rúkà fẹnu kò pé nílé níbí la máa ti pa àgbò. Ó lọ rà á, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé níbi tó gbin ẹ̀fọ́ sí. Àdéhùn wa ni pé tó bá di Sátidé, àwọn obìnrin á pé jọ síwájú ilé wa, wọ́n á máa dúró de fóònù. Tí a bá ti pe orúkọ ọmọ lọ́hùn-ún, wọ́n á pe orúkọ náà ní Ìgàndò, Bàbá Rúkà á gbé ọ̀bẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni Rúkà ń sọ ètò tirẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

“Mọ́mì, a ò ní sáré o. A máa wọ rélùwéè láàárọ̀. Tí a bá débẹ̀, a máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Abúlé tó bá ti wù wá lára àwọn tó wà létí omi, a máa sọ̀ níbẹ̀. A máa wá jókòó.”

“A máa jókòó, ká wá ṣe kí ni?”

“Ká jókòó ni.”

Gbogbo ìkómọ tí mo ti lọ láyé mi, àlejò ló máa ń jókòó. Ìyá ìyá ọmọ kì í rí àga tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

“Kí n mú kí ni wá?”

“Ẹ má mú nǹkan kan wá. Bàtà tó rọrùn, àti ohun tí ẹ máa fi bo èjìká. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ lórí omi. Ẹ má kó ẹrù o, Mọ́mì.”

Mo ní ó dáa. Mo kó ẹrù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo bi Bàbá Rúkà bóyá ẹ̀sìn wa gbà pé kí èèyàn sọ ọmọ lórúkọ lórí omi. Ó ronú sí i gan-an. Ó ní òun ò tíì rí ìwé tó kọ̀ ọ́.

Báyìí ni mo ṣe lọ.

Rúkà àti Múfù wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú ọ̀hún. Rúkà sáré dì mọ́ mi. Kò sí kóòtù lọ́rùn rẹ̀. Inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní Alhamdulilahi, ó ti bí i. Mo wo ọwọ́ Múfù, kò gbé nǹkan kan. Mo ní wọ́n á ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò nítorí atẹ́gùn.

A délé. Ilé mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́. Mo wo yàrá, mo wo bálùwẹ̀, mo ṣe bí ẹni ń yin iṣẹ́ kọ̀ǹkéré. Kò sí ìlédìí kan tí wọ́n sá. Mi ò bi wọ́n. Tí àwọn tó ni ọmọ kò bá tíì gbé e jáde fún mi, ta ni èmi tí màá ní kí wọ́n gbé e wá? Mo jẹun, mo kírun, mo ń tẹ́tí. Ọmọ náà kò ké. Mo ní ọmọ onísùúrù ni, ó jọ bàbá àgbà rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, tó ku ọ̀la tí a máa lọ, Rúkà ní òun fẹ́ bá mi tú ẹrù kó má bàa bàjẹ́. Ó ṣí báàgì. Múfù ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ó gbé òrí jáde. “Mọ́mì, ẹ ṣé. Ara mi máa ń gbẹ níbí.” Ó gbé oyin jáde, ó gbé dàbínù jáde, ó ti jẹ ọ̀kan kó tó gbé e sílẹ̀. Ó gbé kànrìnkàn jáde, ó fọwọ́ pa á, ó wojú mi. Ó gbé ọ̀já jáde. Ó wá gbé bùbá kékeré yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

“Léèsì ìgbéyàwó mi rèé.”

“Òun ni.”

“Ta ló ni aṣọ?”

“Ọmọ ni.”

“Ọmọ wo, Mọ́mì?”

Mo wò ó. Mo wo Múfù. Múfù ti dáwọ́ ọsàn dúró.

“Rúkà,” ni mo wí, “ìkómọ tí o ní a máa ṣe lọ́la ńkọ́?”

Ó wo aṣọ náà, ó tún wò mí. Ó ní, “Mọ́mì, Kómò la máa lọ ni mo wí. Kó-mò. Orúkọ adágún omi ni.”

“Adágún omi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àti ìlú tó wà létí rẹ̀.”

“Kò sí ọmọ níbẹ̀.”

“Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀,” ni Múfù wí. Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni.

Rúkà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ máa bá a rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, pé ẹ̀rín kọ́ ni mọ́. Ó di aṣọ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń sunkún.

Múfù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra iyọ̀. Mo rí iyọ̀ lórí tábìlì. Ó fi ara balẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé.

Rúkà wá sọ fún mi. Oyún wà lóòótọ́ nígbà òtútù. Ó ti ń mọ̀ ọ́n lára, ó ti ń fi orúkọ wé orúkọ. Ó wá bà jẹ́. Òun ni wọ́n torí ẹ̀ dé ọsibítù. Kóòtù tí mo ń rí lọ́rùn rẹ̀, òtútù ló ń mú un, òtútù tí kò lọ títí gbogbo èèyàn fi bọ́ tiwọn sílẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mọ́mì, tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa sọ fún Ìyá Àdínì. Gbogbo yín á tún nawọ́ sí fóònù.”

Ọ̀já Ìyá Àdínì wà nílẹ̀ láàárín wa.

“Mo kàn fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jókòó síbì kan,” ló wí, “níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbàdúrà lé mi lórí. Ọjọ́ kan péré. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá nìyẹn.”

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdúrà ti dé ẹnu mi. Gbogbo ara mi ń fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí kí n bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Mo kàn fà á mọ́ra, mo sì jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́.

Ìgbà tó dákẹ́ tán ni mo rántí àgbò.

Mo gbé fóònù láti pe ilé, mo gbé e sílẹ̀. Kí ni màá sọ? Tí mo bá ní wọ́n sún un síwájú, irọ́ ni, wọ́n á sì tún máa retí. Tí mo bá sọ òótọ́ délẹ̀, mo ti ta àṣírí ọmọ mi. Mo bi Rúkà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ Kómò ná.”

A lọ Kómò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ó lè wu ẹnì kan nínú yín. Òkè yí omi náà ká, òkè tó ga, tí igi bò. Omi wà láàárín, ó dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n bomi là. Àwọn ilé wà létí rẹ̀, wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ osùn. Ọkọ̀ ojú omi wọn ní àga, kò sí ẹni tó ń ti ẹnì kan. A sọ̀ ní abúlé kan tí Rúkà kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. A rí bẹ́ǹṣì kan létí omi. A jókòó.

Mo ń dúró de ohun tí a máa ṣe tẹ̀lé e. Kò sí. Ìjókòó yẹn náà ni.

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, bí Rúkà ṣe sọ. Òun tó ní kí n mú ohun ìbojú èjìká wá, kò mú tirẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, ọ̀já yẹn ni mo bá. Mo ti fi síbẹ̀ láàárọ̀, mi ò mọ ìdí. Mo fi wé e léjìká yípo, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó fara tì mí. Múfù ra búrẹ́dì àti ẹja wá, a fi oyin tí a gbé dání jẹ búrẹ́dì, a fi dàbínù tẹ̀lé e. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rí i pé ó ti rù, àti pé ojú náà ti ń fúyẹ́.

Fóònù dún. Nọ́ńbà Bàbá Rúkà ni, ohùn Ìyá Àdínì ni. Múfù àti Rúkà ń gbọ́ ọ láìjẹ́ pé mo ṣí i fún wọn.

“Ìyá Rúkà, a ti pé o. Àgbò ti wà nílẹ̀. Ṣé ẹ ti kó ọmọ jáde?”

Mo wo Rúkà. Rúkà ń wo omi.

“A ti kó o jáde, mà.”

“Allahu Akbar. Ọkùnrin àbí obìnrin?”

“Obìnrin ni.”

“Ta ló jọ?”

“Èmi ló jọ.”

“Ṣé ó ń jẹun dáadáa?”

Mo wo ẹja tó wà lẹ́nu Rúkà. “Ó rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun.”

“Kí lorúkọ ẹ̀ ká pè é?”

“Rukayat.”

“Ẹ fi orúkọ ìyá ọmọ sọ ọmọ?”

“Ìyá Àdínì, Rúkà ni ọmọ náà,” ni mo wí. “Kò sí ọmọ mìíràn. Kómò ni wọ́n ń pe omi tí a wá wò, èmi ni mo gbọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọ mi kò dá nígbà òtútù, mi ò sì mọ bó ṣe le tó. Allah ló dá a sí. Òun ni mo kó jáde lónìí. Òun ni kí ẹ pa àgbò fún, kí ẹ fi ṣe sàráà, kí ẹ jẹun, kí ẹ dúpẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún un, àlàáfíà ni kí ẹ bá a tọrọ. Kí ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, nílé yín. Ẹ má nawọ́ sí fóònù mọ́.”

Mi ò tíì gbọ́ kí Ìyá Àdínì dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rò pé iná fóònù ti tán.

Nígbà tó fọhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti èèyàn lásán lọ. “Ọ̀já mi ńkọ́?”

“Ó wà léjìká rẹ̀ báyìí.”

“Ṣé ó mú un dáadáa?”

“Ó mú un dáadáa, mà.”

“Kó má dá a padà,” ló wí. “Ìyàwó ọmọ mi á ra tirẹ̀.”

Bàbá Rúkà gba fóònù. Ó ní, “Mo gbọ́. Àgbò yìí ti jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ mi tán. Sọ fún Rúkà pé kó jókòó dáadáa, kó sinmi, ilé ń bẹ.”

Ẹ ka iye gbólóhùn rẹ̀. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Rúkà sunkún díẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ búrẹ́dì lọ. A jókòó títí ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn fi dé. Bùbá kékeré yẹn àti fìlà rẹ̀ ni mo fẹ́ kó padà wálé. Nígbà tí mo ń di ẹrù, mi ò rí wọn. Ó ní òun ti kó wọn sínú àpótí òun, kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Rúkà ló ní kí n kọ èyí síta. Mo kà á fún un kí n tó fi síta, ó sì yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò. Ó ní ọ̀pọ̀ wà bíi tòun tí wọ́n ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ohun tí mo kọ́ ni pé mo ti ń bẹ Allah fún ọmọ mi kí n tó bi ọmọ mi ní ohun tó ń fẹ́. Mi ò ní dá àdúrà dúró. Allah gan-an mọ̀ pé mi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, “Rúkà, báwo ni?” màá sì dúró kó dáhùn tán. Ó ti padà ń pè mí ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí wọn kò sọ rí, tí ẹ ti múra tán kí ẹ tó mọ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ra àgbò.

Ẹni tó ka èyí dópin, Allah á fún un ní ọmọ tó máa fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn án, àti etí tó máa gbọ́ ọ bó ṣe wí i. Ẹni tó ń dúró de ayọ̀, ayọ̀ náà á bá a nínú àlàáfíà. Ẹni tó rẹ̀, Allah á fi ibi ìjókòó jẹ́jẹ́ kan jíǹkí rẹ̀, àti ẹni tí yóò fi aṣọ bò ó léjìká. Àmín.